Kí Kálukú Sọ Ìpín Tirẹ̀

Wọ́n ti sọ fún mi nílé pé Jos tutù. Mo ní kí ni wọ́n ń wí, ṣebí Nàìjíríà náà ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń wọ̀ sùn. Láàárọ̀, tí mo bá la ẹnu gbàdúrà, èéfín ń jáde lẹ́nu mi, eyín mi á sì máa gbá ara wọn. Èmi tí mo máa ń fi àwọn tó ń wọ súwẹ́tà ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo lọ ra súwẹ́tà ọkùnrin kan nínú aṣọ òkírìkà, mi ò sì bọ́ ọ lọ́rùn fún oṣù mẹ́ta.

Òtútù yẹn kọ́ ló tilẹ̀ dùn mí jù. Ọmọbìnrin kékeré kan wà ní yàrá kejì, Ràfíátù, ọmọ àwọn ará Ìlọrin. Mò ń gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń fi Yorùbá bá a wí, inú mi dùn pé mo rí ẹni mi. Mo kí i: "Ọmọ dáadáa, ṣé o jí ire?" Ó wojú mi, ó ní, "Ina kwana, Àǹtí," ó sì sá wọlé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ohun tí àwọn Hausa fi ń dáhùn ìkíni àárọ̀ wọn. Mo wá ní "ẹ ṣé" fún ilẹ̀kùn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kúrò nílé lóòótọ́.

Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi wá. Bàámi, télọ̀ ni. Ọjọ́ tí ilé ìwé aládàáni kan ní Jos kọ̀wé pé kí n máa bọ̀, kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù Bàámi tí kò gbọ́. Ẹni tó wá fún bọ́tìnnì kan ṣoṣo, á jókòó gbọ́ ọ pé ọmọ òun obìnrin ń lọ kọ́ ọmọ ní Òkè Ọya. Dáre, àbúrò mi ọkùnrin, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, sọ fún mi pé àwọn oníbàárà kan ti ń gba ẹ̀yìn lọ nítorí ọ̀rọ̀ mi.

Sáà méjì péré ni iṣẹ́ náà fi wà. Ẹni tó ni ilé ìwé pè mí, ó ní àwọn ọmọ ti dín kù, ẹni tó dé kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ lọ. Kò bá mi jà. Ó tiẹ̀ fún mi ní páálí ṣọ́ọ̀kì kan pé kí n máa mú un lọ, bóyá ó rò pé mo máa rí ibòmíì kọ́.

Mi ò rí. Ní Katako, níbi tí wọ́n ti ń ta pákó, ni mo ti rí iṣẹ́. Alhaji kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin ló gbà mí. Mo máa ń fi téèpù wọn pákó, mo sì máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ sí i lára. Nígbà tí àwọn alábàárù bá kù díẹ̀ káàtó, èmi náà máa ń gbé pákó. Ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé yẹn gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti ń pè mí ní Mai Alli, ìyẹn oníṣọ́ọ̀kì, lédè Hausa.

Mi ò sọ nílé. Mo fẹ́ sọ o. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń pè wọ́n, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo sì ń pinnu pé òní ni màá sọ. Bàámi á gba fóònù, ìbéèrè àkọ́kọ́ á sì jẹ́, "Tíṣà! Ṣé o ti fọ ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ kí o tó jẹun?"

"Mo ti fọ̀ ọ́, Bàámi."

Kì í ṣe irọ́. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Bí mo ṣe ń fi tan ara mi jẹ nìyẹn.

"Àwọn ọmọ ń kọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, sà."

"Ìwọ náà ń kọ́?"

"Dáadáa ni mo wà."

Màámi á gbà á, òun náà á ní dáadáa ni àwọn wà. A ó dáadáa ara wa títí owó á fi tán lórí fóònù.

Àdúgbò Gangare ní Jos ni mo ń gbé, yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Múfú tó ń tún fóònù ṣe. Jos ni wọ́n bí Múfú sí. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Múfú kò dé ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Yorùbá rẹ̀, ká ṣáà máa dúpẹ́. Tó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan ní Yorùbá, á sọdá sí Hausa láàárín, á wá fi "àbí?" parí rẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀ ní gbogbo Jos pé wọ́n ti dá mi dúró, nítorí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà tí mo ń sunkún.

Dáre ló mú géèmù wá. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ra dátà, ẹ jẹ́ ká jọ máa ta géèmù kan lórí fóònù. A ó máa gbọ́ ohùn ara wa níbẹ̀." Mo ní kí ló fẹ́ kí n máa fi ọgbọ̀n ọdún dín... ẹ jẹ́ kí n má sọ ọjọ́ orí mi, mo ní kí ló fẹ́ kí n máa fi ọjọ́ orí mi ṣe eré ọmọdé. Ó ní ilé ti dákẹ́ jù látìgbà tí mo ti lọ. Mo ra dátà.

Ènìyàn mẹ́rin ló máa ń jọ wọ inú igbó géèmù yẹn. Kò sẹ́ni tó lè dá a ṣe. Dáre ni ẹni iwájú: asà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló máa ń gba ìyà tí ẹranko bá fẹ́ fi jẹ gbogbo wa. Gyang, ọmọ ẹ̀yà Berom kan tó ń dáná nílé oúnjẹ kan ní Kuru, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Múfú, òun ni tafàtafà. Múfú ló ń ṣọ́nà, ó ń wo ibi tí ewu ti ń bọ̀, ó sì ń ké sí wa. Èmi ni awòsàn. Lórí fóònù mi, mo máa ń rí ìlà pupa mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ kálukú. Tí ìlà ẹnì kan bá ń kúrú, èmi ni mo máa fi ọwọ́ kàn án kó tún gùn. Mi ò lè ta ọfà, mi ò lè gbé asà. Tí Dáre bá ṣubú, ìṣẹ́jú kan ò ní kọjá tí gbogbo wa á fi tẹ̀ lé e.

Ẹranko kan wà lórí afárá níparí igbó náà, Múfú sọ ọ́ ní Mai Gada, ẹni tó ni afárá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fò kọjá lórí Dáre, ó yíjú sí mi. Ó yẹ kí Dáre pariwo. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ó ní: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, tí kò bá ní yọ yín lẹ́nu, ẹ bá mi sún sẹ́yìn díẹ̀."

Kó tó dé "díẹ̀", mo ti kú.

"Haba, Dáre!" Múfú rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ìyàwó lo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Sọ pé koma! Padà! Ó tán."

Àtìgbà náà la ti ṣòfin. Àkọ́kọ́, nínú igbó yẹn, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Ìkejì, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, kó sọ. Kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá rí i, torí ojú awòsàn kò lè wà níbi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkẹta, láti ọwọ́ ọ̀gá tó kọ́ Múfú níṣẹ́ rédíò ló ti wá. Múfú ní nígbà tí òun wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Gangare níbí, tí rédíò oníbàárà bá bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ọ̀gá ò ní na ẹnikẹ́ni. Á ní kí gbogbo wọn jókòó, kí kálukú sọ ohun tó ṣe sí rédíò náà. Ẹni tó tú u, ẹni tó jó o níná, ẹni tó kàn gbé e síbi tí oòrùn wà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ tẹni kejì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ sórí ara rẹ̀. Nítorí náà, tí Mai Gada bá ti pa wá, a kì í tún bẹ̀rẹ̀ títí kálukú á fi sọ ìpín tirẹ̀. "Ìpín tèmi, mo tètè ta ọfà." "Ìpín tèmi, ojú mi kúrò lára Dáre, mò ń wo Gyang." Tó bá tán, Múfú á ní, "To, madalla," ìyẹn ni pé ó dára, a ó tún wọlé.

Ọjọ́ Ìsinmi kan lọ́sàn-án la pa Mai Gada. Ìlà Dáre ti kúrú títí ó ku bín-ín-tín. Ó ké: "Ẹ̀jẹ̀ mi! Ẹ̀jẹ̀ mi!" Kò sí ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ má bínú. Mo kàn án, ìlà gùn, Gyang ta ọfà ìkẹyìn. Mo fò sókè lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù Múfú, mo fi orí gbá pákó àjà. Àwọn tó wá tún fóònù ṣe ń bá mi yọ̀, wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú fóònù, mo gbọ́ ohùn Bàámi lẹ́yìn Dáre: "Kí lẹ pa? Kí lẹ pa?" Dáre ní, "Ẹranko ni, Bàámi! Àǹtí ló wò mí sàn!" Bàámi ní, "Ṣé ẹ rí i? Tíṣà ni!"

Mo máa ń rò ó nígbà yẹn pé ibo gan-an ni mo wà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni Tíṣà Jos, ẹni tí kò sí mọ́. Ní Katako, èmi ni Mai Alli, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí Bàámi sọ mí. Àárín igbó géèmù yẹn nìkan ni mo ti ń ṣe ohun tí wọ́n pè mí pé mo jẹ́. Ó tì mí lójú díẹ̀ láti sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí òjò mú dáadáa ní oṣù kẹfà, ọwọ́ Dáre bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Á gbàgbé láti gbé asà. Á dákẹ́ lójijì, a ó máa pè é, "Dáre! Dáre!" kò ní dáhùn. Nígbà míì á kàn jáde láìdágbére. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀ pátápátá, kò ní sọ. Tó bá sì di àkókò ìpín, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. "Tèmi ni. Gbogbo ẹ̀, tèmi ni."

Mo jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an? Ṣé obìnrin ló ń dà ọ́ lórí rú ni? Ṣé a ò sọ pé kí ẹni tó bá ń kú máa sọ ni?"

Ó wá ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí mi."

Ṣé ẹ rí ẹnu mi yìí? Ó wù mí kí n gé e sọnù.

Ọjọ́ Ìsinmi, tí mo bá pè, Màámi ló ń gbé e. Á ní Bàámi ń sùn. Bàámi lọ kí ẹnì kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, ohùn rẹ̀ sì kéré. Ó ní ọ̀fìnkìn ni. Ó ní, "Ìdánwò àwọn ọmọ ń kọ́?"

Mo ní, "Ó ń lọ dáadáa, sà. Ọwọ́ mi ló dí."

Ó ní, "Ó yẹ kó dí. Má fi wọ́n sílẹ̀ o."

Ọ̀sán ọjọ́rú kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn pákó ọkọ̀ kan tán, fóònù dún. Dáre ló ń pè wá sínú géèmù. Ọjọ́rú kì í ṣe ọjọ́ tiwa, ṣùgbọ́n mo wọlé, Múfú náà wọlé láti ṣọ́ọ̀bù. Dáre dúró sí ẹnu igbó, kò gbé asà. Ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ nílé. Ara Bàámi ò yá díẹ̀."

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí "díẹ̀" túmọ̀ sí nígbà tí wọ́n bá fi pe ẹni tó wà lájò. Wọn kì í fi ikú ránṣẹ́ sí èèyàn lórí fóònù. Mo ní, "Dáre, sọ òótọ́ fún mi." Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Múfú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó rọra ní, "Allah ya jiƙansa," bí àwọn Hausa ṣe ń ṣàdúrà fún òkú. Ó ti yé e kó tó yé mi, àbí ó ti yé mi, mi ò fẹ́ gbà.

Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo bá wọn lórí ìjókòó ọ̀fọ̀ láàárín àgbàlá. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo ẹ̀rọ ìránṣọ Bàámi. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń dì mọ́ mi: "Tíṣà, pẹ̀lẹ́. Tíṣà, Ọlọ́run á tù ọ́ nínú." Màámi fà mí wọ yàrá. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Má bínú sí wa, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi dùbúlẹ̀. A ní ká pè ọ́, ó yarí. Ó ní àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò, ṣé a fẹ́ kó o fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ nítorí ikọ́ ni? Ó ní tó bá di ìsinmi, o ó wá fúnra rẹ, òun á sì ti dìde."

Ìdánwò wo? Ọmọ wo? Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ọjọ́ méjì wà tí òjò kò jẹ́ kí ọkọ̀ pákó wọlé, tí mo kàn jókòó ní Katako tí mò ń jẹ ẹ̀pà. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ la ẹnu gbé mi mì.

Lẹ́yìn ilé, Dáre bá mi níbi tí mo fara pamọ́ sí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti gbẹ. Ó ní, "Bàámi ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Mo máa ń gbé wọn lọ sí ọsibítù láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá wọ géèmù kí ẹ má baà fura. Fóònù á wà lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì á wà lẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n bá ń wúkọ́. Ohun tó ń jẹ́ kí asà bọ́ nìyẹn."

Mo dì í mú, a jọ sunkún. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ìpín tèmi. Ó wà lẹ́nu mi. Ẹnì kan kọjá, ó ní, "Tíṣà, wọ́n ń pè yín," mo sì dìde.

A sin Bàámi. Mo padà sí Jos pẹ̀lú orúkọ tíṣà lórí mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Múfú kò fi bi mí ní nǹkan kan. Ọjọ́ kẹrin ló wò mí láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀. "Ba ki faɗa musu ba?" Ìyẹn ni pé, o ò sọ fún wọn? Mo ní mi ò sọ. Ó tẹ orí ba, ó ń fi irin kékeré họ inú fóònù tó ń tún ṣe. Ó ní, "Wọ́n á máa rò pé àwọn nìkan ló ba rédíò náà jẹ́."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án, Gyang pè wá jọ. Ó ní ká kàn wọlé, bí a ò tiẹ̀ pa nǹkan kan. Òjò ń rọ̀. A wọlé. A ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Mai Gada rárá, àwọn ẹranko kéékèèké tí à ń pa tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà ló pa wá lójú ọ̀nà. Gyang sọ tirẹ̀ ní Hausa, ó ní òun ò ríran dáadáa. Múfú sọ tirẹ̀. Ó kan Dáre.

"Gbogbo ẹ̀, tèmi ni," Dáre ní. Ohùn rẹ̀ já. "Ọwọ́ mi ni wọ́n wà. Èmi ni mo wà níwájú. Ó yẹ kí n ti pè yín, Àǹtí mi, tèmi ni."

Kì í ṣe géèmù ló ń sọ mọ́.

Mo ní, "Rárá, Dáre. Ìpín tìẹ kéré. Màámi wà nítòsí? Fún wọn ní fóònù."

Mo rí i lójú fóònù mi pé Múfú àti Gyang ti rọra jáde. Màámi gbà á, ó ní, "Ẹ ti parí eré yín?"

"Màámi, mi ò kọ́ ọmọ kankan. Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti dá mi dúró. Pákó ni mò ń wọn ní ọjà. Kò sí ìdánwò kankan."

Mò ń gbọ́ òjò lórí páànù wọn lọ́hùn-ún, àbí tèmi ni.

"Kò sí ìdánwò," ó ní.

"Kò sí, Màámi."

Kò pariwo. Ì bá dùn mọ́ mi ká ní ó pariwo. Ó ní, "Ojú ọ̀nà ni bàbá rẹ ń wò. Tí Dáre bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, á gbé orí sókè. Tí a bá mọ̀ ni, à bá ti pè ọ́. À bá ti pè ọ́, ọmọ mi."

Mo sunkún, kò ní kí n dákẹ́. Òun náà ń sunkún, mi ò ní kó dákẹ́. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ tó fi aṣọ nu imú rẹ̀.

"Pákó tí o wí yẹn," ó ní, "ṣé o máa ń gbé e?"

"Nígbà míì, Màámi."

"Ṣé ó wúwo?"

Mo ti fẹ́ sọ pé rárá.

"Ó wúwo, Màámi," mo ní. "Ó wúwo gan-an."